Ilé Oko Ẹlẹ́ṣin: Ibi tí Ó Yẹ Kí A Tẹ̀dó Sí

Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni Yorùbá ti ní ilé, tí ó sì ti ní oko. Ilé ni ibi tí a ń bímọ sí, tí a ń sìnkú sí, tí a ti ń ṣọdún, tí a sì ti ń jẹ oyè, oko sì ni ibi tí a ń pa ahéré sí, tí a ń sùn fún ìwọ̀n ọjọ́ tí iṣẹ́ bá fi wà, kí a tó tún di ẹrù wa padà wálé. Nínú ètò yìí, ẹṣin kì í ṣe ará oko rárá. Ará ilé ni. Ààfin ọba, agbo ilé ìjòyè àti ojúlé balógun ni a ti ń bá a, níbi tí a so ó mọ́ èèkàn lábẹ́ igi ọdán tàbí nínú ibùso tí a fi koríko bẹẹrẹ bò, tí àwọn ọmọ-ọ̀dọ̀ ń lọ gé koríko wá fún un láti ẹ̀yìn odi, tí wọ́n ń pọnmi fún un, tí wọ́n ń fi ọkà bàbà bọ́ ọ, bí ẹni pé ọmọ ọba kan ni tí kò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ wá ohun tí yóò jẹ.

Ní òde òní, nǹkan ti ń yí padà. Àwọn kan ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ariwo Èkó ti sú wọn, ara wọn sì ń fẹ́ ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́. Àwọn kan jẹ́ ọmọ ìdílé balógun ní Ìjẹ̀bú-Òde, tí ó jẹ́ pé ní ọjọ́ kẹta ọdún Iléyá, ní Ojúde Ọba, wọ́n á gun ẹṣin tí a fi aṣọ àrán àti oríṣiríṣi ọ̀ṣọ́ dì lọ kí Awùjalẹ̀, tí inú wọn kì í sì í dùn pé ẹṣin àyálò ni àwọn ń gùn. Àwọn mìíràn sì ti gbé Ìlú Ọba pẹ́, wọ́n ti rí bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe ń tú ẹṣin sílẹ̀ sínú pápá lẹ́yìn ilé, wọ́n sì ń bi ara wọn léèrè ohun tí ó lè dí wọn lọ́wọ́ láti ṣe bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ baba wọn. Ohun kan náà ni gbogbo wọn ń wá: ilé ìgbèríko tí ó ní ilẹ̀ tó, tí ẹṣin lè máa jẹ̀ níbẹ̀. Ìfẹ́ rere ni, mo sì fẹ́ kí ó ṣẹ fún gbogbo ẹni tí ó bá ní in lọ́kàn. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n dáwọ́ lé e, ilé ni wọ́n kọ́kọ́ ń wá: wọ́n ń wo bí ojú títì ti jìnnà tó, bí iná mànàmáná ti ń wá sí, bí òkè ti ga tó kí ojú lè máa rí ọ̀nà jíjìn láti ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìgbẹ̀yìn ni wọ́n sì ń rántí ẹṣin. Èmi rò pé ẹṣin ni ó yẹ kí ó yan ilẹ̀, kí olówó rẹ̀ sì wá kọ́lé sí ibi tí ẹṣin bá yàn. Ilé tí kò dára ṣeé wó, ó sì ṣeé tún kọ́. Ilẹ̀ tí ẹṣin kò lè gbé, kò sí owó tí a lè fi tún un ṣe.

Àwọn baba wa mọ èyí dájú. Kí ni ó dé tí Ọ̀yọ́, nínú gbogbo ìlú tí ó wà nílẹ̀ Káàárọ̀-o-ò-jíire, fi di ìlú ẹlẹ́ṣin, tí àwọn Ìjẹ̀bú ọmọ Alárè, pẹ̀lú gbogbo ọrọ̀ wọn, kò fi ẹṣin jagun? Ibi tí Ọ̀yọ́-Ilé tẹ̀dó sí ni ó fà á. Ọ̀dàn ni, ní apá àríwá pátápátá, ní ìtòsí ilẹ̀ Ìbàrìbá àti ti Nupé, ibi tí igi ti jìnnà síra, tí koríko sì gùn, tí ẹ̀ẹ̀rùn sì máa ń gbẹ ilẹ̀ dáadáa lọ́dọọdún. Láti òkè ni wọ́n ti ń ra ẹṣin wọn, lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò tí ń ti ilẹ̀ Haúsá wá. Nígbà tí ogun lé ọba kúrò níbẹ̀, Ìgbòho ni wọ́n sá lọ, ọ̀dàn náà sì ni ìyẹn. Níbẹ̀ ni Aláàfin Ọ̀rọ̀m̀pọ̀tọ̀ ti jọba, ẹni tí Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí a tẹ̀ ní 1921, kọ ọ́ pé ó ní ẹgbẹ̀rún ẹlẹ́ṣin tí ń ṣọ́ ẹ̀yìn ogun, tí a so ewé gbàǹgbà mọ́ ìrù ẹṣin wọn kí ó lè máa pa ojú ẹsẹ̀ rẹ́ lẹ́yìn wọn. Irú ogun bẹ́ẹ̀ kò ṣeé kó wọ igbó. Ní nǹkan bí 1840, nígbà tí ogun Ìlọrin dó ti Òṣogbo, àwọn ẹlẹ́ṣin tí gbogbo ọ̀dàn ti ń gbọ̀n fún bá ara wọn ní etí igbó, níbi tí ẹsẹ̀ ẹṣin kò ti rí àyè nà. Ìbàdàn dé bá wọn lóru, ó sì tú wọn ká.

Ṣùgbọ́n ohun tí ń pa ẹṣin nínú igbó ju ọfà àti ìbọn lọ, eṣinṣin ni. Eṣinṣin amùjẹ̀ tí a ń pè ní tsetse kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi ju eṣinṣin ilé lọ, ṣùgbọ́n a máa ń dá a mọ̀ nígbà tí ó bá bà, nítorí pé ìyẹ́ rẹ̀ kan á gùn lé èkejì lẹ́yìn rẹ̀ bí ẹnu àlùmọ́gàjí tí a pa dé, ẹnu tí ó fi ń mu ẹ̀jẹ̀ á sì nà gbọọrọ níwájú. Àti akọ àti abo ló ń mu ẹ̀jẹ̀. Wọn kò ní oúnjẹ mìíràn. Kì í sì í yé ẹyin bí àwọn eṣinṣin yòókù tí ń yé e rẹpẹtẹ: ọmọ kan ṣoṣo ni abo rẹ̀ ń bí lẹ́ẹ̀kan, nǹkan bí ọjọ́ mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá sí ara wọn, ilẹ̀ rírọ̀ abẹ́ ìbòòji ni ó sì ń bí i sí, kí ọmọ náà lè rì wọ inú erùpẹ̀ títí yóò fi hu ìyẹ́. Láti inú ọ̀rọ̀ kékeré yìí ni gbogbo ọgbọ́n yíyan ilẹ̀ ẹṣin ti jáde. Eṣinṣin tí kò lè bímọ láìsí ìbòòji àti ilẹ̀ tútù, tí kò sì lè yè láìsí ẹ̀jẹ̀ ẹranko, kò lè gbé ibi tí a ti ro títí, tí oòrùn ń ta sí, tí ìmàdò àti àgbọ̀nrín ti kúrò níbẹ̀ láti ayé ìran kan sí èkejì. Ìdí nìyí tí ẹṣin fi ń pẹ́ láyé ní àárín Ọ̀yọ́ nígbà náà, tí ó sì ń kú bí a bá mú un la igbó kọjá: àárín ìlú àti oko etílé tí ó yí i ká ni ilẹ̀ tí ó mọ́ jù lọ. Ẹni tí ó rò pé nítorí ọlá nìkan ni àwọn baba wa ṣe so ẹṣin mọ́ ojúde, kò tíì gbọ́ ìdajì ìtàn náà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ẹṣin tí ó ti kó àrùn eṣinṣin yìí ṣe ń rí, nítorí pé ẹni tí ó bá ti rí i lẹ́ẹ̀kan kì í gbàgbé. Ó ń jẹun, ó sì ń rù. Irun ara rẹ̀ tí ń dán tẹ́lẹ̀ á ṣá, á sì dìde ṣánṣán. Egungun ìhà rẹ̀ á ṣeé kà láti òkèèrè, bẹ́ẹ̀ ni abẹ́ ikùn àti ẹsẹ̀ rẹ̀ á wú. Ibà á máa gbé e, á tún máa sọ ọ́ kalẹ̀, tí olówó rẹ̀ á fi rò pé ó ti ń sàn. Bí ẹ bá fi àtàǹpàkò ká ètè rẹ̀ sókè, èrìgì tí ó yẹ kí ó pọ́n á ti funfun, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ ti ń tán lára rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹsẹ̀ ẹ̀yìn á bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́, títí ọjọ́ kan tí yóò dùbúlẹ̀ tí kò ní dìde mọ́. Oògùn wà tí dókítà ẹranko lè gún un, ó sì ti gba ọ̀pọ̀ là. Ṣùgbọ́n àǹfààní kí ni ó wà nínú kí a wo ẹṣin sàn lónìí, kí a sì tún tú u padà lọ́la sí abẹ́ igi kan náà tí eṣinṣin ti jẹ ẹ́?

Nítorí náà, ní ojú tèmi, ẹni tí ó bá fẹ́ kí ẹṣin máa bá òun gbé ní gbogbo ọdún kò gbọdọ̀ wá ilẹ̀ sí ìsàlẹ̀ Ìsẹ́yìn. Kí ó wá a sí Ìsẹ́yìn ọmọ Ẹbẹdí fúnra rẹ̀, kí ó wá a sí Ṣakí, sí Ìgbòho, sí Kíṣí, sí Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété, tàbí kí ó kọjá lọ sí Ìlọrin Àfọ̀njá, ìlú tí oríkì rẹ̀ fi ẹṣin ṣe egúngún, níbi tí ẹni tí ó mọ gàárì í rán, tí ó mọ ìjánu í ṣe, tí ó sì mọ pátákò ẹṣin í gé kò ti ṣọ̀wọ́n. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kò ní dùn mọ́ àwọn ará Ìjẹ̀bú àti àwọn ará Èkó nínú. Wọ́n á ní ṣebí ẹgbẹ́ àwọn tí ń fi ẹṣin gbá bọ́ọ̀lù póló ti wà ní Èkó láti 1904, ẹṣin wọn sì ń yè. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹṣin tí ń gbé ibùso ni wọ́n, tí a ń ra oúnjẹ rẹ̀ wá láti òkè, tí dókítà ń wò déédéé, tí kì í jẹ̀ káàkiri. Ìyẹn kì í ṣe ilé oko tí à ń wí. Ọmọ balógun tí ó fẹ́ gun ẹṣin tirẹ̀ lọ sí Ojúde Ọba lè fi í sí ọ̀dàn fún oṣù mẹ́wàá, kí ó sì fi ọkọ̀ gbé e wá sí Ìjẹ̀bú nígbà tí ọdún bá kù fẹ́ẹ́rẹ́, kí ó sì dá a padà kété tí àlejò bá ti túká.

Àní ní ọ̀dàn náà, gbogbo ilẹ̀ kọ́ ni ilẹ̀. Odò Ògùn, tí ó ti ìtòsí Ṣakí ṣàn wá títí dé ọ̀sà Èkó, ní igbó ṣúúrú tí ó tẹ̀ lé e létí méjèèjì, bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ odò kéékèèké tí ń ṣàn bọ́ sínú rẹ̀. Igbó etí odò yìí ni eṣinṣin ń sá sí nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá lé e kúrò níbòmíràn. Ilẹ̀ tí ó bá wọ etí odò, bí ó ti wù kí ó tutù lójú tó, kí ẹlẹ́ṣin fi í sílẹ̀ fún àgbẹ̀ oníẹ̀fọ́. Bákan náà ni ilẹ̀ tí ó bá fara ti ọgbà ẹranko ìjọba, irú èyí tí a fi ahoro Ọ̀yọ́-Ilé àti àyíká rẹ̀ ṣe: ó dára kí a máa lọ wò ó, ṣùgbọ́n ìmàdò ibẹ̀ ni eṣinṣin ń mu ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣayọ̀, àwọn méjèèjì kò sì mọ ààlà. Ilẹ̀ tí mo ń wí ni ilẹ̀ oko etílé tí a ti ń gbin iṣu, ọkà àti ẹ̀pà sí láti ayé baba ńlá àwọn tí ó ni ín, tí ó ga díẹ̀, tí igi igbá àti igi òrí dúró síbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan tí wọ́n ń fúnni ní ìbòòji láìdí afẹ́fẹ́ lọ́nà. Bí a bá rí màlúù tàbí àgùntàn tí ń gbé ibẹ̀ láti ọdún pípẹ́ tí ara wọn dá, ẹ̀rí ńlá ni. Àmọ́ bí ó bá jẹ́ ojú ọ̀nà tí agbo màlúù ń gbà kọjá lọ́dọọdún ni, eégbọn àti àrùn tí wọ́n ń gbé kiri á máa kọjá níbẹ̀ pẹ̀lú wọn, ìjà ààlà kò sì ní jìnnà.

Igi gogoro má gùn-ún mi lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Ẹni tí ó fẹ́ ra ilẹ̀ ẹṣin gbọ́dọ̀ rí i nínú oṣù kẹta ọdún, kí ó sì tún rí i nínú oṣù kẹsàn-án, kí ó tó mú owó jáde. Nínú oṣù kẹsàn-án, gbogbo ọ̀dàn ni ó lẹ́wà. Koríko ga ju ẹni lọ, kànga kún, onílẹ̀ á sì máa rẹ́rìn-ín. Oṣù kẹta ni yóò sọ òtítọ́. Nígbà náà ni a óò mọ̀ bóyá kànga tí wọ́n fi hàn wá ní omi tàbí ó ti di ihò lásán, nítorí pé orí àpáta ni púpọ̀ nínú ilẹ̀ Òkè-Ògùn jókòó lé, omi abẹ́ rẹ̀ kò sì sí níbi gbogbo. Ó ṣeé ṣe kí a gbẹ́ ilẹ̀ jìn níhìn-ín kí a má rí nǹkan kan, kí aládùúgbò sì rí omi lọ́pọ̀ yanturu ní ìwọ̀n ìsọ̀kò sí ibẹ̀. Ẹṣin kan lè mu tó líta ogójì lójúmọ́ nígbà ooru. Ẹṣin mẹ́rin, ìyẹn kẹ́ẹ̀gì oní-líta mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n bíi méje lójoojúmọ́, kí ènìyàn tó mu, kí a tó fọ aṣọ, kí a tó wẹ ẹṣin náà fúnra rẹ̀. Ẹni tí yóò máa ra omi lọ́wọ́ ọlọ́kọ̀ omi fún irú iṣẹ́ yìí láti oṣù kọkànlá títí dé oṣù kẹrin ti di ẹrú ọlọ́kọ̀ náà.

Koríko ni ọ̀rọ̀ kejì, òun ni ó sì jinlẹ̀ jù. Ikùn ẹṣin kékeré ni bí a bá fi wé ara rẹ̀. Ọlọ́run kò dá a láti jẹ àjẹyó lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ bí ènìyàn, ó dá a láti máa já koríko díẹ̀díẹ̀ fún èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọ̀sán àti òru. Kò lè bì. Ohun tí ó bá ti gbé mì tí kò bá a lára mu, inú rẹ̀ ni yóò ti máa rò ó, inú rírun ni ó sì ń pa ẹṣin tí ó wà nílé olówó, níbi tí wọ́n ti ń fi ọkà bàbà rọ ọ́ lọ́rùn kí ó lè tètè sanra, tí wọn kò fún un ní koríko tó. Ní Ìlú Ọba, níbi tí òjò ń rọ̀ tí koríko sì ń hù fún èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọdún, éékà kan sí méjì ni wọ́n máa ń kà fún ẹṣin kọ̀ọ̀kan. Lọ́dọ̀ tiwa, tí ẹ̀ẹ̀rùn ń gba nǹkan bí oṣù márùn-ún, mo rò pé éékà mẹ́ta fún ẹṣin kan kò pọ̀ jù, kí a lè rí ibi tí wọn yóò ti máa jẹ̀, ibi tí a óò fi sílẹ̀ kí ó sinmi, àti ibi tí a kò ní jẹ́ kí wọ́n tẹ̀ rárá kí a lè gé koríko rẹ̀ pamọ́. Àwọn tí ń ronú lórí pulọ́ọ̀tì, kí wọ́n rántí pé pulọ́ọ̀tì mẹ́fà, èyí tí ó jẹ́ ọgọ́ta ẹsẹ̀ lọ́nà ọgọ́fà, ni ó ń di éékà kan. Ọ̀rọ̀ ẹṣin kì í ṣe ọ̀rọ̀ pulọ́ọ̀tì.

Ẹṣin ilẹ̀ wa tí ó wọn ọ̀ọ́dúnrún kílò yóò jẹ tó kílò mẹ́fà koríko gbígbẹ lójúmọ́. Bí ẹṣin bá jẹ́ mẹ́rin, ẹ fi ọ̀nà mẹ́rin sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ tún fi àádọ́jọ ọjọ́ ẹ̀ẹ̀rùn sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ óò rí i pé 3,600 kílò ni a gbọ́dọ̀ ti kó jọ kí ọyẹ́ tó dé. Nígbà tí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, kí koríko tó gbó tí igi rẹ̀ á sì le, ni à ń gé e, tí à ń sá a sóòrùn, tí à ń yí i padà kí ó má bu, tí a sì ń tò ó jọ sí abà tí ó ní òrùlé. Lẹ́yìn náà ni ewé ẹ̀pà tí àwọn àgbẹ̀ bá ti fa ẹ̀pà rẹ̀ tán, tí a sì sá gbẹ. Oúnjẹ àtàtà ni, àwọn àgbẹ̀ ọ̀dàn sì máa ń tà á. Èèrí ọkà náà dára níwọ̀n, pẹ̀lú iyọ̀. Ẹni tí ó bá to koríko jọ báyìí gbọ́dọ̀ bẹ̀rù iná, nítorí pé nínú oṣù kejìlá àti oṣù kìn-ín-ní, ọ̀dàn máa ń jó, ọdẹ ń dáná sun igbó, àgbẹ̀ ń dáná sun pápá, afẹ́fẹ́ ọyẹ́ sì ń gbé e ká. Kí a ro etí ilẹ̀ yíká ní fífẹ̀ tí ọkọ̀ lè gbà, kí ó mọ́ títí dé ilẹ̀ pupa, kí ẹ̀ẹ̀rùn tó wọ̀.

Nípa ilẹ̀ tí ẹsẹ̀ yóò tẹ̀, ọ̀rọ̀ mi kò pọ̀. Ilẹ̀ tí omi ń dúró lé lórí lẹ́yìn òjò á máa jẹ pátákò ẹṣin, kòkòrò tín-ín-tìn-ín tí ń gbé àrùn ẹṣin mìíràn kiri, èyí tí ń fi ìrọ̀lẹ́ àti òru jẹ ẹran, á sì máa pọ̀ nínú ẹrẹ̀ rẹ̀. Nítorí náà kí ilẹ̀ dà gẹ̀rẹ́ díẹ̀, kí omi lè máa ṣàn lọ, kí a sì máa kó ẹṣin wọlé kí oòrùn tó wọ̀. Wáyà ẹlẹ́gùn-ún tí à ń fi sọgbà màlúù kò yẹ fún ẹṣin. Màlúù á dúró tí ó bá gún un. Ẹṣin tí ẹ̀rù bà á sá wọ inú rẹ̀ ni, yóò sì fi í ya ara rẹ̀ dé egungun. Pákó tàbí irin ni kí a fi sọgbà rẹ̀. Ní ti igi tí à ń gbìn sọgbà, a gbọ́dọ̀ mọ irú èyí tí à ń gbìn: lápálàpá tí gbogbo ayé fi ń sọgbà ní hóró tí ó jẹ́ májèlé, agúnmáníyè tí ó tètè ń hù kò dára fún ẹṣin láti jẹ, igi ọbọ tí àwọn ará ijọ́un fi èèpo rẹ̀ dán àjẹ́ wò kò sì gbọdọ̀ wà nítòsí ibùso. Èèpo ẹ̀gẹ́ tútù àti ọkà bàbà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rú lẹ́yìn tí a gé e, wọ́n ní májèlé nínú pẹ̀lú. Kí a rìn yí gbogbo ilẹ̀ náà ká pẹ̀lú àgbẹ̀ àdúgbò kan tí ó mọ ewé, kí ó máa dárúkọ igi kọ̀ọ̀kan. Ọ̀sán kan náà tí a bá fi ṣe èyí á gba ẹ̀mí ẹṣin là.

Ẹ wá gbọ́ ti ìwé ilẹ̀. Òfin Ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà, ó sì fún ìjọba ìbílẹ̀ ní àṣẹ láti fúnni ní ilẹ̀ ìgbèríko fún iṣẹ́ oko tàbí fún ìjẹ̀ ẹran. Síbẹ̀, ní ibi tí à ń sọ yìí, ẹbí ni ó ni ilẹ̀ lójú àwọn ènìyàn, ẹbí náà ni a óò sì máa bá gbé. Ilẹ̀ tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan bá tà fúnni lẹ́yìn olórí ẹbí, a kò ra nǹkan kan. Èyí tí olórí ẹbí bá sì dá tà láìjẹ́ kí àwọn àgbà ojúlé yòókù mọ̀, wọ́n lè gbé e dé ilé ẹjọ́ kí a sì fagi lé e. Kí gbogbo ojúlé péjọ, kí wọ́n fọwọ́ sí ìwé, kí àwọn tí ń wọn ilẹ̀ fi òpó sí igun rẹ̀ lójú àwọn alábàápín ààlà, kí a sì wo ìwé náà ní ọ́fíìsì ìjọba kí a tó san owó tán. Èyí ṣe pàtàkì fún ẹlẹ́ṣin ju ẹlòmíràn lọ, nítorí pé ilẹ̀ tí a fi sílẹ̀ fún koríko máa ń dà bí ilẹ̀ tí kò ní olówó lójú ẹni tí ń wá ibi tí yóò gbin ẹ̀gẹ́ sí.

Kò yẹ kí ilé jìnnà sí abúlé. Àwọn tí ń fẹ́ ibi àdádó tí ẹnikẹ́ni kò ní rí wọn, ìbẹ̀rù ni wọ́n ń rà lóde òní, tí ọ̀nà oko kò fi ọkàn ẹni balẹ̀ lálẹ́. Abúlé tí ó mọ̀ ọ́, tí o ń kí baálẹ̀ rẹ̀ ní àràárọ̀, tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń wá wo ẹṣin, tí àwọn àgbẹ̀ rẹ̀ ń wá kó ìgbẹ́ ẹṣin lọ sí oko iṣu, ni ọgbà tí ó dára jù. Ìgbẹ́ náà kò kéré. Ẹṣin kan lè ṣu tó kílò mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́, bí kò bá sì sí ẹni tí ń kó o, eṣinṣin ni yóò kó.

Ní ti ètò ilé àti ibùso, ẹ wo afẹ́fẹ́ kí ẹ tó lé ìpìlẹ̀. Atẹ́gùn òjò ń ti àárín gúúsù àti ìwọ̀-oòrùn wá, ọyẹ́ ń ti àárín àríwá àti ìlà-oòrùn wá. Ibùso tí a bá kọ́ sí ọ̀kan nínú ojú méjèèjì yìí á máa gbé òórùn àti eṣinṣin rẹ̀ wọ yàrá onílé fún ìdajì ọdún. Kí a kọ́ ọ sí ẹ̀gbẹ́, kí atẹ́gùn méjèèjì lè máa kọjá láàárín. Yàrá ẹṣin kan kò gbọdọ̀ dín ní ẹsẹ̀ bàtà méjìlá lọ́nà méjìlá. Kí òrùlé rẹ̀ ga, kí ògiri rẹ̀ má dé òkè, kí ooru páànù lè rí ọ̀nà jáde. Àwọn baba wa fi bẹẹrẹ bò ó, ó sì tutù ju páànù lọ, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti rí iná ọ̀dàn kò ní fi koríko bo orí ẹran tí a so.

Ilé tí ó sì ṣe pàtàkì ju ti ọ̀gá lọ ni ilé olùtọ́jú ẹṣin. Ní Ọ̀yọ́, oyè ni, Olókùn-ẹṣin ni wọ́n ń pè é, ipò rẹ̀ sì súnmọ́ ọba tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi wà lára àwọn tí ó gbọ́dọ̀ bá ọba lọ nígbà tí ọba bá wàjà. Nígbà tí Aláàfin Ládìgbòlù wàjà ní 1944 ni ìjọba òyìnbó dá àṣà náà dúró. A kò bẹ ẹnikẹ́ni kí ó bá wa kú mọ́, ṣùgbọ́n ó ń dùn mí púpọ̀ láti rí olówó tí ó fi bíríkì àti tììlì kọ́ ilé ara rẹ̀, tí ó sì fi ẹni tí ń sùn ti ẹṣin rẹ̀ sí abẹ́ páànù kan ṣoṣo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààtàn. Òun ni yóò gbọ́ ọ lóru tí inú bá ń run ẹṣin tí ó ń yí gbiri nílẹ̀. Òun ni yóò mọ̀, kí dókítà tó dé, pé ẹṣin yìí kò jẹun bí ti àná. Kí ilé rẹ̀ súnmọ́ ibùso ju ti ọ̀gá lọ, kí ó ní yàrá fún aya àti ọmọ, kí ó ní kànga, kí owó rẹ̀ sì máa pé lóṣù.

Kí a má ṣe ra ẹṣin kan ṣoṣo. Ẹran agbo ni ẹṣin, èyí tí a bá dá so á máa rìn síwá sẹ́yìn, á máa jẹ igi ibùso, á sì máa hàn lójú rẹ̀ pé nǹkan ń ṣe é. Méjì ni ó kéré jù. Kí a sì ti mọ dókítà ẹranko tí yóò máa bọ̀ wá kí wọ́n tó dé; ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn ẹran wà ní Yunifásítì Ìbàdàn àti ní ti Ìlọrin, ilé ìwádìí àrùn ẹran ti ìjọba àpapọ̀ sì ti wà ní Vom láti 1924, nítorí náà ìmọ̀ kò jìnnà sí wa. Oṣù kọkànlá ni mo fẹ́ kí a kó àwọn ẹṣin náà wá, nígbà tí ilẹ̀ ti ń gbẹ, tí eṣinṣin ti ń dín kù, tí koríko ti kún abà, tí olùtọ́jú wọn sì ti gbé ibẹ̀ láti ìgbà òjò tí ó mọ gbogbo ojú ilẹ̀ náà. Kí dókítà gba ẹ̀jẹ̀ wọn wò ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n bá dé, kí ó sì tún gbà á wò nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀.